Ọmọ Mi Wà ní Nassau Láìní Páàsípọ́ọ̀tù

Ọmọ mi kò ní páàsípọ́ọ̀tù nígbà tó bá àbúrò mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bahamas. Kì í ṣe pé a gbàgbé. Bàbá rẹ̀ ni kò fọwọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà níbí, ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún, ìyá àti bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i kí ìjọba tó fún un ní páàsípọ́ọ̀tù, ìbáà jẹ́ pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé tàbí pé wọn kì í kí ara wọn mọ́. Àwa kì í kí ara wa mọ́.

Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo mú un lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Flatbush láti gba páàsípọ́ọ̀tù náà. Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì fún un nítorí fọ́tò. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn káńtà bi mí pé bàbá rẹ̀ dà, mo ní ó ń bọ̀. A jókòó títí wọ́n fi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo rí i bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Mi ò ní í fọwọ́ sí i. O fẹ́ gbé e lọ bá ìyá rẹ ní Ìjẹ̀bú, kí o fi í síbẹ̀."

Òótọ́ ni pé mo ti fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀ rí, lọ́jọ́ kan tí inú bí mi, pé màá dá ọmọ yìí padà sílé kí ìyá mi lè bá mi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òun náà ti sọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mi ni. Bí mo bá fẹ́, màá gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, o ò sì ní í mọ ilé tó wà." Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a sọ síra wa lọ́dún náà. N kò gbàgbé ìyẹn.

Àbúrò mi ń gbé ní Laurelton pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti di ọmọ ilẹ̀ yìí, ó sì ní páàsípọ́ọ̀tù tirẹ̀. Òun ló wá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ nígbà ìsinmi, pé kí ọmọ mi bá àwọn lọ.

"Ọmọ tí kò ní páàsípọ́ọ̀tù?"

"Kò nílò rẹ̀, Àǹtí mi. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Brooklyn, tó sì tún máa padà sí Brooklyn, ìwé ẹ̀rí ìbí ni wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ tí wọ́n bí síbí. Mo ti pè wọ́n, mo ti bi wọ́n. Òun náà ni àwọn ọmọ tèmi fi ń lọ."

"Bí nǹkan bá wá ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Inú ọkọ̀ la ó sùn, inú ọkọ̀ la ó jẹun. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà rí òkun, ẹ jọ̀ọ́."

Ọmọ mi ti pé ọdún mẹ́tàlá nígbà náà. Gbogbo àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ti dé ibì kan: Jàmáíkà, Haiti, Trinidad, ilé àwọn ìyá ìyá wọn. Òun, New Jersey ló jìnnà jù nínú ibi tó dé rí. Mo gbà. Mo sìn wọ́n dé èbúté lọ́jọ́ Sátidé, mo sì wo ọkọ̀ náà. Ó ga ju ilé tí mò ń gbé lọ. Ọmọ mi ju ọwọ́ sí mi láti orí àtẹ̀gùn, ó wọlé, n kò rí i mọ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mò ń ṣe. Ìyá arúgbó kan, ará Puerto Rico, ni wọ́n fi mí tì ní Flatbush. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mò ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, nígbà tí fóònù mi dún.

"Àǹtí mi," àbúrò mi ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi."

Ohùn tó fi ń bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ já mi láyà, kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan.

Ó ní láti àná ni inú ti ń run ọmọ náà. Wọ́n rò pé oúnjẹ ọkọ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Dókítà inú ọkọ̀ tẹ ikùn rẹ̀, ó ní àpẹ́ńdíìsì ni, ìfun kékeré kan tó ti wú, pé iṣẹ́ abẹ ló kù, kò sì sí ibi tí wọ́n ti lè ṣe é lórí omi. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ sí Nassau. Wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ sí ọsibítù ní ìlú náà, àbúrò mi sì tẹ̀ lé e. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ dúró sínú ọkọ̀, nítorí ọkọ̀ náà kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò ṣí.

"Dókítà fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀," àbúrò mi ní. "Wọ́n ní ẹnu òbí rẹ̀ làwọn fẹ́ ti gbọ́ ọ."

Ọkùnrin kan gba fóònù. Ó bi mí ní orúkọ mi, orúkọ ọmọ mi, àti ọjọ́ tí mo bí i. Ó ní nọ́ọ̀sì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tí wọ́n ń gbọ́ wa. Ó wá ní, "Ìyá, ṣé ẹ gbà kí a ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ yín?"

"Mo gbà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ohùn sókè."

"Mo gbà! Ẹ tètè ṣe é."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé fóònù sí ọmọ mi létí. Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí fi máa ń dá mi lóhùn, bí mo tilẹ̀ fi Yorùbá pè é. Lọ́jọ́ yẹn, Yorùbá ló jáde lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa bọ̀."

Mo ní, "Mò ń bọ̀, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."

Mo mọ̀ pé n kò lè lọ. Mo ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí mo fi wá ti kú tipẹ́, ọjọ́ tí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Manhattan sì dá fún mi láti wá gba òmíràn ṣì jìnnà. Ọmọ kò lè wálé, ìyá kò lè lọ bá a.

Ìyá arúgbó náà ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi. "Kí ló dé?" Mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì mí lórí mú. Ní igun yàrá rẹ̀, abọ́ búlúù ńlá kan wà tó kún fún omi, tí ìkarahun òkun yí i ká. Bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa ń gbá yí i ká ni, n kì í fọwọ́ kàn án, nítorí ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, ìyá mi sì ni ìyá ìjọ nílé. Ìyá náà kọjú sí abọ́ yẹn, ó ní, "Maferefún Yemayá," ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ ní èdè tí àwọn olórìṣà ilẹ̀ wọn fi ń gbàdúrà, èdè tí kì í ṣe Sípáníìṣì. Mo gbọ́ omi níbẹ̀. Mo gbọ́ ìyá. Mo gbọ́ ọmọ. Yemọja tí wọ́n ń fi odò pè nílé wa, lọ́dọ̀ àwọn, òun ló ni òkun. Nígbà tó parí, mo ṣe àmín. N kò bi ara mi léèrè ohun tí mo ṣe àmín sí.

"Máa lọ," ó ní. "Ọmọ mi wà nísàlẹ̀, yóò gòkè wá bá mi."

Ojú títì ní Church Avenue ni mo ti pe ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà tó wà ní Nassau. Àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké ń fun fèrè, àwọn tó ń pe èrò ń pariwo, mo fi ìka di etí kan, mo fi fóònù lẹ èkejì. Obìnrin tó gbé e ní sùúrù.

"Ẹ má bẹ̀rù," ó ní. "Ọmọ ilẹ̀ wa ni. A lè fún un ní páàsípọ́ọ̀tù pàjáwìrì nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Láìsí i, kò sí bàálù tó máa gbé e wálé."

"Ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Òun ló fi wọ ọkọ̀ ojú omi."

"Òun la ó fi mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wa ni, kí wọ́n má sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá lè wá síbí, kí èkejì fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́, kí ó fọwọ́ sí i níwájú nótárì. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá lè wá, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ máa kọ ìwé, kí ẹ yan àbúrò yín síbẹ̀." Ó wá bèèrè pé, "Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà," mo ní.

Ó wà lóòótọ́, ní Mount Hope, ní Bronx. Kò sí bí mo ṣe lè fi fóònù bá a. Ó ti dí nọ́ńbà mi. Bó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, fóònù ọmọ ló máa ń pè, lọ́jọ́ ìsinmi. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ sọ́bùwéè, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀.

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ bí New York ti gùn tó, kí ó ti Flatbush lọ sí Bronx nígbà tí wọ́n ń la ikùn ọmọ rẹ̀ níbòmíràn. Bí ọkọ̀ bá wọ inú ihò, fóònù á kú. Bó bá dé ibùdókọ̀, á sọjí, màá wò ó, kò ní í sí nǹkan níbẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ 2, mo yí sí ọkọ̀ 4. Ẹni tó jókòó tì mí ń jẹ ẹyin àti búrẹ́dì. Mo gbìyànjú láti gbàdúrà, àmọ́ ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni bóyá mo ti fún un ní ṣẹ́ńjì tó lápò. Nígbà tí ọkọ̀ yọ láti abẹ́ ilẹ̀ sójú ọ̀run nítòsí pápá béísíbọ́ọ̀lù, fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi ló kọ̀wé: "Wọ́n ti gbé e wọlé."

Kò sí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Lífìtì ilé bàbá ọmọ mi kò ṣiṣẹ́. Mo gun àtẹ̀gùn, mo sì gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ títí aládùúgbò fi yọjú. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé ìtajà ló ń ṣe, òru ni iṣẹ́ rẹ̀, òwúrọ̀ ló fi ń sùn. Ó ṣílẹ̀kùn tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Nígbà tó rí i pé èmi ni, oorun dá lójú rẹ̀.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Ẹ ni mo pè é. Nígbà tí a wà papọ̀, ẹ ni mo máa ń pè é, ó jù mí lọ dáadáa. Láti ìgbà tí a ti pínyà ni mo ti ń pè é ní ìwọ, bóyá kí ó lè dùn ún. Mo gbọ́ ẹ náà nígbà tó jáde lẹ́nu mi, mo sì mọ̀ pé òun náà gbọ́.

Mo dúró láàárín yàrá rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Fọ́tò ọmọ wa wà lára ògiri, àwọn tí wọ́n ń yà nílé ìwé lọ́dọọdún, kò sí ọdún kan tó fò. N kò mọ̀ pé ọmọ náà ń mú wọn wá fún un.

"Bahamas?" ó ní. "Ọmọ mi wà ní Bahamas, èmi ò mọ̀?"

"Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn lọ. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni."

"Láìní páàsípọ́ọ̀tù?"

"Ẹ̀yin lẹ ò fọwọ́ sí i."

"Ìyẹn lo ṣe gbé e gba ẹ̀yìn mi?" Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè. "Mo ní kí ọmọ mi má kúrò nílẹ̀ yìí, o wá ihò tó máa gbà jáde fún un. Wò ó báyìí! Wò ó! Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ta ló máa gbé e wálé?"

Mo ti la ẹnu láti fèsì, kí a bẹ̀rẹ̀ ìjà tí a mọ̀ ọ́n jà, nígbà tí fóònù dún. Òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí àwa méjèèjì lè gbọ́.

"Àǹtí mi, wọ́n ti ṣe tán," àbúrò mi ní. Ó ń sunkún, ohùn ibi iṣẹ́ yẹn ti kúrò. "Ó ti fẹ́ bẹ́ o. Dókítà ní bí ó bá pẹ́ sí i ni, ìtàn mìíràn là bá máa sọ. Ó ti jí díẹ̀. Ó ń bèèrè omi."

Bàbá ọmọ mi jókòó sílẹ̀. Àga wà lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èmi náà sì fara ti ògiri. A kò wo ara wa.

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí ẹ́ḿbásì sọ. Mo ní kí ó bá mi lọ sọ́dọ̀ nótárì, kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí ìwé kí àbúrò mi lè gba páàsípọ́ọ̀tù náà.

"Mi ò ní í fọwọ́ sí ìwé kankan."

"Ẹ dákun..."

"Èmi fúnra mi ni màá lọ." Ó dìde, ó wọ yàrá kejì, ó mú páàsípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tirẹ̀ jáde. "Àbúrò rẹ ní ọmọ tirẹ̀, ó ní iṣẹ́. Èmi ni bàbá rẹ̀. Ìwọ fọwọ́ sí tìrẹ, kí n gba ìwé ọmọ mi, kí n sì gbé e."

Kí n sì gbé e. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, kò fi ibi tó máa gbé e lọ kún un. Mo rí i lójú ara mi pé ọmọ mi ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ní Houston, ní ìlú tí n kò dé rí, páàsípọ́ọ̀tù wà lápò bàbá rẹ̀, ìwé tí èmi fọwọ́ ara mi sí sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin ará Gambia kan wà nísàlẹ̀ ilé náà, níbi tí wọ́n ti ń fowó ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sì jẹ́ nótárì, ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí pé ẹni tó fọwọ́ síwèé ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ó tẹ ìwé náà jáde, ó wo káàdì mi, ó wo ojú mi.

"Ṣé o ka ohun tó wà níbẹ̀?"

"Mo kà á."

"Ṣé ẹnikẹ́ni fipá mú ọ?"

Ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo èèyàn ni. Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà. Ó gbé ojú wo bàbá ọmọ mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tún wò mí. Obìnrin kan tó fẹ́ fowó ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé lẹ́yìn mi.

Mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá ọmọ mi, ibo ni bàálù yín máa bà sí?"

"Kí ni?"

"Bí ẹ bá ń bọ̀. Ibo lẹ máa bà sí?"

Ó gbọ́ ohun tí mò ń bi í. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rántí ọjọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, àti ohun tó sọ níbẹ̀.

"JFK," ó ní. "JFK níbí ni, kí ìyá rẹ̀ lè wá pàdé rẹ̀."

Mo sọ fún nótárì pé kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ lé e.

Bàbá ọmọ mi mú ìwé náà, ó fò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé ibùsùn ọmọ náà, àbúrò mi fi ìwé ẹ̀rí ìbí lé e lọ́wọ́, ó sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó sì wọ bàálù padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ṣáájú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lórí omi dé ibí. Láti ìgbà náà, ọmọ mi àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ̀ ti ṣí nọ́ńbà mi. Ó máa ń pè mí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ṣókí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀: ó ti jẹun, ó ti rìn dé fèrèsé, wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀ fún ìwé náà. Ọmọ mi á gba fóònù, á ní ara òun ti ń yá. Bí wọ́n bá ti pa fóònù, màá tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé, ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ sá, ṣé kò ní í máa pe ìyá rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ara ìyá lè balẹ̀? Níbi iṣẹ́, ìyá arúgbó náà á máa wò mí. Lọ́jọ́ kan, mo gbálẹ̀ dé ibi abọ́ búlúù yẹn, mo rí i pé omi rẹ̀ ti fà, mo bu òmíràn kún un. N kò sọ fún ìyá mi títí dòní.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pè. "Wọ́n ti fún wa. Dókítà ní ó lè fò. Ọ̀sán ọ̀la." Lọ́jọ́ kejì, ó tún pè: "A ti fẹ́ wọ bàálù." Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù rẹ̀ kú, bí fóònù gbogbo ẹni tó wọ bàálù ti ń kú.

Mo ti dé JFK kí bàálù wọn tó gbéra rárá. Mo dúró níbi tí àwọn tó ti òkè òkun dé ti ń jáde, níbi irin tí gbogbo èèyàn ń fara tì. Mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni mo gbà wọ ìlú yìí, ibẹ̀ ni mo ti máa ń pàdé àwọn ará ilé. Pátákó kọ ọ́ pé bàálù Nassau ti balẹ̀. Ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń pa dé. Àwọn ará Dominican jáde pẹ̀lú àpótí tí wọ́n fi ọ̀rá wé. Àlùfáà kan jáde. Ẹbí kan jáde tí oòrùn ti mú awọ ojú wọn pọ́n, mo ní àwọn wọ̀nyí ti Bahamas bọ̀, mo na ọrùn. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn kì í ṣe tèmi. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n. Mo pe bàbá ọmọ mi, ohùn ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn. Mo pe ọmọ mi, tirẹ̀ ti kú pátápátá. Mo tún pè, mo tún pè. Ohùn ẹ̀rọ.

Ilẹ̀kùn náà pa dé, kò ṣí mọ́.

N kò lè ṣàlàyé bí ọkàn mi ti dá a lójú tó. Kò sí iyèméjì níbẹ̀. Mo ní ó ti gbé e wọ bàálù mìíràn, pé láti Nassau ni wọ́n ti gba ọ̀nà Houston lọ, pé JFK tó pè lójú nótárì, ó pè é kí n lè fọwọ́ síwèé ni. Ọlọ́pàá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, obìnrin ni, ó ń mu kọfí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ bá a. Mo ti to gbolohùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì: ọkọ mi àtijọ́ ti jí ọmọ mi gbé.

Obìnrin kan tó ń ti àga onítáyà òfìfo ló kọlù mí. Aṣọ iṣẹ́ pápákọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ má bínú," ó ní, Yorùbá ni, bóyá nítorí pé ó gbọ́ mi bí mo ti ń bá ara mi sọ̀rọ̀. "Ta lẹ̀ ń wá, Mà?"

"Ọmọ mi. Nassau. Wọ́n ti jáde tán, n kò rí i."

"Nassau kẹ̀? Ẹ ò lè rí wọn níbí, Mà. Lọ́hùn-ún ní Nassau ni wọ́n ti ń yẹ ìwé wọn wò kí wọ́n tó wọ bàálù. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á jáde bí ẹni tó ti Florida bọ̀ ni. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbẹ́rù."

Mo sáré. Obìnrin ọlọ́pàá náà wò mí bí mo ti kọjá níwájú rẹ̀.

Wọ́n wà níbẹ̀. Ọmọ mi jókòó sórí àga onítáyà, ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú, ó sì ti rù. Bàbá rẹ̀ dúró tì í, fóònù létí, ojú rẹ̀ le koko. Bí mo ti ń pè é ni òun náà ń pè mí, kò sẹ́ni tó lè wọlé sí ẹnì kejì. Mo wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mo di ọmọ mi mú, ó kígbe pé, "Mọ́mì, rọra, rọra!" Mo tú u sílẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú dípò.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, bàbá rẹ̀ ń wò mí.

"O rò pé mo ti gbé e lọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí. "Èmi náà, nígbà tí a jáde tí n kò rí ọ, mo rò pé ọlọ́pàá lo lọ pè."

Ó mú páàsípọ́ọ̀tù ọmọ náà jáde lápò rẹ̀, ìwé pẹlẹbẹ tí kì í pẹ́ kó tó kú, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó wá lọ gbé báàgì.

Takisí la wọ̀ lọ sí ilé àbúrò mi ní Laurelton, nítorí pé ó súnmọ́ ibẹ̀, ọmọ náà kò sì lè fara da ọ̀nà jíjìn. Àbúrò mi ti se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹja tí kò ní ata. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti dé láti ojú omi. Àwọn ọmọkùnrin náà tò yí ọmọ mi ká, wọ́n ní kó jẹ́ káwọn wo ojú ọgbẹ́ náà, ó sì ń gbéra ga. Bàbá rẹ̀ jẹun. Ọdún bíi mélòó kan ni a kò ti jọ jókòó sídìí tábìlì kan, a kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí èyí náà. Ó ní òun ní iṣẹ́ lálẹ́ yẹn. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ṣé," mo ní.

"Ọmọ mi ni," ó ní. Kò sọ ọ́ bó ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó wo ojú títì bóyá bọ́ọ̀sì ń bọ̀. "Wọ́n ní kí ó má gbé ohun tó wúwo. Báàgì ilé ìwé rẹ̀ wúwo. Bá wọn sọ ọ́ nílé ìwé."

Mo ní màá sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì dé, ó wọ̀ ọ́. Mo padà wọlé, ọmọ mi ti sùn sórí àga gígùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, àwo ìrẹsì rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ tán.